Hàbíbátù àti Lẹ́tà Tí Kì í Fọhùn

Ọmọ alfa ni Hàbíbátù, ọjà wọ̀sìwọ̀sì ló sì ń tà n'Ìwó: abẹ́rẹ́, òwú, dígí, òòyà, ọ̀bẹ. Ó ti kéwú dáadáa nílé baba rẹ̀ kí ó tó lọ sílé ọkọ, ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan nínú ìwé òyìnbó. Nígbà tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí Ṣẹ̀fíátù àti àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù ń ka A, B, D sí i létí, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ní 1956, òun náà wọ kíláàsì àgbà tí Tíṣà Olútáyọ̀ ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́, bí ọjà bá ti tú.

Ìwé Yorùbá kò ni ín lára. Bí èèyàn bá ṣe gbọ́ ọ ni yóò ṣe kọ ọ́. Kò pẹ́ tó fi ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ Kuta àti Olúpọ̀nnà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà.

Àfi ìgbà tí wọ́n kan Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ kan, Tíṣà ní kí àwọn ṣeré. Ó pín kíláàsì sí ọ̀nà méjì, ó kọ K gàdàgbà sójú pátákó.

"Ẹ wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí lẹ́tà yìí wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá rí i, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba àmì kan."

Tíṣà kò tíì pa ẹnu dé tí Hàbíbátù fi nawọ́. "Kọ́ọ̀pù!"

Tíṣà kọ ọ́: C-U-P. "Kò sí K níbẹ̀, Ìyá Ṣẹ̀fíátù."

Ó ronú, ó tún nawọ́. Èyí kò lè tàsé. "Bọ́ksì!" Etí rẹ̀ gbọ́ K náà ketekete.

Tíṣà kọ B-O-X, ó ní X ló ń ṣe iṣẹ́ K níbẹ̀.

"K fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ibo ló lọ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni Fàtáì tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe dìde láti ẹgbẹ́ kejì: "Náìfù."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Hàbíbátù. Níbo ni K gbà wọ inú náìfù? Ṣùgbọ́n Tíṣà pàtẹ́wọ́, ó kọ K-N-I-F-E.

"Tíṣà, ẹ má bínú o. Èyí tí mo gbọ́, ẹ ní kò sí níbẹ̀. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́, ẹ ní ó wà níbẹ̀. Ṣé etí mi ló di ni?"

"Etí yín ò di, mà. Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí nìyẹn."

Hàbíbátù yíjú sí Fàtáì. "Ìwọ, báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Ara páálí ọ̀bẹ tí mo rà lọ́wọ́ yín ni mo ti rí i."

Lọ́jọ́ kejì, Hàbíbátù kò polówó ọjà. Páálí ló ń kà ṣáá, ó ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bó ṣe rí i, títí ẹnu fi ro ó. Oníbàárà kan béèrè abẹ́rẹ́, òòyà ló nà sí i. Nígbà tó sú u, ó palẹ̀ ọjà mọ́, ó gba ọ̀dọ̀ baba rẹ̀ lọ.

Alfa Mùrí jókòó lórí awọ àgùntàn wọn. Hàbíbátù kúnlẹ̀, ó kí wọn ní Asàlámù àléékùn, ó ro ẹjọ́ K fún wọn. Wọ́n tẹ́tí sí i délẹ̀.

"Kọ sàlámù tí o fi kí mi yẹn sílẹ̀ níbí."

Ó fi ìka kọ ọ́ ní kéwú sínú yanrìn: álífù, lámù tó jẹ́ L, sínì, lámù, títí dé mímù.

"Lámù àkọ́kọ́ yẹn, ṣé o pè é?"

Hàbíbátù tún sàlámù náà pè jẹ́jẹ́. Láti kékeré ló ti ń kọ lámù yẹn, kò sì pè é rí. "Mi ò pè é, Bàbá."

"Ṣé ó da ọkàn rẹ rú rí?"

"Rárá, Bàbá."

"Kí ló wá dé?"

Ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó délé, ọkàn rẹ̀ tún ti dàrú. Lámù ní òfin: àwọn lẹ́tà kan wà tó máa ń dákẹ́ níwájú wọn, baba rẹ̀ sì ti fi ẹgba kọ́ ọ ní gbogbo wọn. Kí ni òfin ti K?

Ní kíláàsì, ó bi Tíṣà. Tíṣà ní bí K bá ṣíwájú N níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kì í fọhùn.

"Ta ló pa á lẹ́nu mọ́?"

Tíṣà họ orí. "Ìyá Ṣẹ̀fíátù, bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn. Mi ò béèrè."

Lẹ́tà B ló kàn nínú eré lọ́jọ́ náà. Etí Hàbíbátù kò dá a lójú mọ́. Ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ohun tó rí lára páálí òòyà: C-O-M-B. "Kómùbù," ló wí jẹ́jẹ́.

"Kóòmù! Àmì kan!" ni Tíṣà kígbe.

"Kóòmù kẹ̀? B ńkọ́?"

Ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń hó, Bọ́sẹ̀ aránṣọ ti dì mọ́ ọn, ó ń bi í léèrè báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n. Hàbíbátù ní òun ò mọ̀ ọ́n o. Òun kàn kọ ohun tí ojú òun rí ni. Kò fi kíláàsì náà sílẹ̀ títí ọdún fi parí. Nígbà tó yá, ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ kan báyìí, a máa wo ìwé náà títí, a dá a padà fún wọn, a sì ní kí wọ́n lọ bi òyìnbó tó ni ín.