Adágún Tí Wọ́n Ní Kí N Máa Ṣọ́

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní abúlé wa, lọ́nà Sẹ̀kọ̀nà, adágún kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀yin àbúrò mi, n kò tíì sọ ọ̀rọ̀ adágún náà fún ẹnikẹ́ni rí.

Dókítà obìnrin kan wá láti Amẹ́ríkà. Wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn níṣẹ́ ìṣègùn nílùú wọn, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ wọ́n lógún jù ni pé kí àìsàn má tilẹ̀ dé rárá. Ẹdẹ ni wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́ wá. Wọ́n ní ẹni tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ omi mímu, nítorí inú omi ni sòbìà ń bí ọmọ sí; ẹni tó bá mu ún, lọ́dún kejì ni tirẹ̀ yóò yọ. Bàbá kan ní, "Kòkòrò wo ni yóò gbé inú èèyàn fún ọdún kan gbáko kó tó jáde wá kí i?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Dókítà ní kí a sáà dán an wò fún ọdún kan.

Torí pé mo ti lo ọdún méjì nílé ìwé, èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ adágún láàárọ̀. Wọ́n kọ́ mi ní gbólóhùn kan: "Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n pọn ọ́n fún yín."

Ìyá àgbà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, tó máa ń fi àkàrà pamọ́ dè mí, dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ewé wà lójú egbò sòbìà ẹsẹ̀ wọn. Mo kúnlẹ̀, mo nawọ́ sí agbè wọn.

"Àbí o rò pé mo ti yarọ ni, ìwọ onítìjú yìí?"

Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú tì mí, mo wolẹ̀. Nígbà tí n ó fi gbójú sókè, omi ti mù wọ́n dé orúnkún.

Nígbà tó di àsìkò iṣu gbígbìn lọ́dún kejì, sòbìà dá bàbá mi àti ìdajì abúlé dùbúlẹ̀. Dókítà padà wá. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ẹnikẹ́ni wọ omi?"

"Rárá, mà."

Wọ́n pa ìwé wọn dé, wọ́n ní bóyá ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ni ni kò tọ̀nà. Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ wọn lọ, a kò sì rí wọn mọ́.

Ayé ti yí báyìí. Kànga ti wà, àwọn ọmọdé kì í sì í bẹ̀rù àgbà bíi tiwa. Lánàá, ọmọ mi obìnrin rí bàbá arúgbó kan nídìí kànga, ó ní, "Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n pọn ọ́n fún yín." Kò tilẹ̀ ronú kó tó sọ ọ́. Mo yíjú kúrò, kó má baà rí mi.