Àwọ̀ Àga Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láti Ìgàndò dé Ẹ̀gàn ṣì jẹ́ oko, àga kì í pọ̀ nínú ilé. Àpótí là ń jókòó lé, tàbí ẹní. Ẹ̀yin tí ẹ bá àga onítìmùtìmù nílé lè má mọ bí ó ti rí. Mi ò tíì wọ ilé ìwé nígbà náà, torí pé mo pẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́n tó ẹni tí í rántí.

Ẹsẹ̀ ìyá mi wú lọ́dún kan. Bó bá ti jókòó sórí ẹní, àfi ká pawọ́ pọ̀ gbé e dìde, á sì máa kérora. Bàbá mi wá bẹ káfíńtà kan ní Ìpájà pé kó kan àga gíga fún un, irú èyí tí à ń pè ní ti ìgbàlódé nígbà yẹn, ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí apá rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ débi tí èèyàn lè fọwọ́ tì í dìde. Káfíńtà gbé igi àga náà wá. Ó ku tìmùtìmù àti aṣọ tí yóò fi bò ó. Ó tẹ́ àwọn ègé aṣọ síwájú ìyá mi pé kó mú àwọ̀ tó wù ú.

Pupa ni ìyá mi fọwọ́ lé. Kò tilẹ̀ wo ìyókù.

Ìjọ aláṣọ funfun là ń lọ. Níbẹ̀, a kì í wọ pupa, a kì í wọ dúdú. Bàbá mi mirí.

"Ìyá wọn, ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé wa jáde ni?"

"Mo ní kí n jókòó lé e ni, Bàbá wọn. Mi ò ní wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí n kúkú fi funfun bò ó, bàbá. Àwọn ọmọ yín á fi ẹsẹ̀ eléruku kun ún fún yín."

"Kan ìṣó tìẹ, jàre," ni bàbá mi wí.

Bàbá mi kì í ṣe òǹrorò. Ẹ̀rù ló bà á. Ó gbà pé bí a bá gbé ohun tí ìjọ kọ̀ wọlé ti aláìsàn, àìsàn náà lè le sí i. Ó lọ bá wòlíì wa pé kó bá wa béèrè àwọ̀ tí ọ̀run fọwọ́ sí. Wòlíì ní ká fún òun láyè, òun yóò gbààwẹ̀ lé e. A dúró. Igi àga náà wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, inú rẹ̀ lófìfo, kò ṣe é jókòó lé. Ìyá mi wà lórí ẹní, ó ń wò ó. Bí bàbá mi bá ti wọlé, ìyá mi á bi í pé, "Àbí àwọ̀ ọ̀hún ò tíì sọ̀ kalẹ̀ ni?"

Ìdáhùn dé níkẹyìn: àwọ̀ ojú sánmà. Káfíńtà bò ó kíá, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé ìyá mi lé e, àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà á dúró mọ́. Ó ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A tún gbé e padà sórí ẹní. Ó wo àga náà títí.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ bá mi gbé e kúrò lójú ọ̀nà."

Àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ló kọ́kọ́ jókòó lórí rẹ̀.

Ilé ti bo gbogbo oko wọ̀nyẹn. Ẹ̀gbẹ́dá ni mò ń gbé báyìí, èmi nìkan, látìgbà tí ìyàwó mi ti kú. Ọmọbìnrin mi fẹ́ ra àga kan fún mi. Ó fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù, àga kan náà ní oríṣiríṣi àwọ̀, àwọn mìíràn wà tí mi ò mọ orúkọ tí à bá pè wọ́n. Kò sí ẹni tí èèyàn ní láti bi. Kí ẹ ṣáà fìka tẹ èyí tí ẹ fẹ́, wọn á gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà. Láyé ìgbà náà, àwọ̀ ṣọ̀wọ́n, èèwọ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí a tìtorí rẹ̀ ń yan àwọ̀ wà nínú ilé. Ìyàwó mi ló máa ń yan irú nǹkan báyìí, èmi á máa ráhùn. Mo wo àwọn àwòrán náà títí, mi ò rí èyí tí mo lè ráhùn sí.

Ọmọ mi pè. "Dádì, ẹ ò tíì mú ọ̀kan? Wọ́n á tà á tán o."

Mo ní kó mú èyí tó bá wu òun fúnra rẹ̀, nítorí òun náà ni yóò gbé e lọ sílé rẹ̀ nígbà tí mo bá lọ.

 Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, òun ò gbọ́ ohun tí mo wí.

Mi ò tún un sọ.