Rọ́ọ̀gì Pálọ̀ Bàbá Mi ní Odìgbó

Ní Ọ̀rẹ̀ níbí, bí ẹ bá béèrè ẹni tó mọ rọ́ọ̀gì fọ̀, ilé mi ni wọ́n máa júwe fún yín. Mi ò fi ṣe fáàrí o. Àbí kí ni mo ń parọ́ sí? Mo ń fi ṣe fáàrí. Ẹnikẹ́ni ló lè da omi ọṣẹ sórí rọ́ọ̀gì kó sì fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́. Ìgbà tó bá gbẹ tán ni àṣírí máa ń tú. Ẹ ó rí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì gbà lọ àti ibi tó gbà bọ̀, ẹ ó rí ibi tí afọrọ́ọ̀gì kúnlẹ̀ sí, ẹ ó sì rí ibi tí ẹsẹ̀ àga ti jìn wọnú rẹ̀ bí ihò ọpọ́n ayò. Irun rọ́ọ̀gì ò yàtọ̀ sí irun orí: ibi tí ẹ bá yà á sí nígbà tó tutù, ibẹ̀ náà ló máa gbẹ sí.

Èmi kì í fọ̀ ọ́ tán kí n kàn fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti fa omi ara rẹ̀, màá mú búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀, màá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí fèrèsé, màá máa ya irun náà sí apá kan ṣoṣo, màá sì máa fẹ̀yìn rìn títí n ó fi kan ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá ti jáde, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ títí yóò fi gbẹ, ìbáà ṣe pásítọ̀ tó ni ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn oníbàárà mi ní ẹnu mi mú jù. Òótọ́ ni, ó mú, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń pè mí.

Bàbá mi kì í ṣe ọmọ Ìkálẹ̀. Láti ìhà Ọ̀ṣun ni òun àti ìyá mi ti wá dá oko kòkó ní Omífunfun, lórí ilẹ̀ onílẹ̀, kí wọ́n tó bí mi. Ìdí kòkó yẹn ni wọ́n ti tọ́ gbogbo wa. Lọ́dọọdún ni bàbá mi ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún baba onílẹ̀. Baba náà kì í ṣe ìkà. Ó máa ń kí wa dáadáa, ó sì máa ń béèrè àlàáfíà àwa ọmọ. Ṣùgbọ́n bó bá wá wo oko, kì í wọ ilé wa. Ìta ni yóò dúró sí, yóò pe bàbá mi jáde, wọn á sì sọ̀rọ̀ wọn lóòró. Bàbá mi ò ráhùn rí, àmọ́ mo mọ̀ pé ó ń dùn ún. Nígbà tí àwa ọmọ kọ́ ilé fún un ní Odìgbó, tí mo tẹ́ rọ́ọ̀gì sí pálọ̀ rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣé baba á lè wọ ibí?"

Baba onílẹ̀ ránṣẹ́ lóòótọ́. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé wá kí i kú oríire ilé tuntun. Bàbá mi pè mí lórí fóònù. Epo ti ta sára rọ́ọ̀gì náà, àwọn ọmọ-ọmọ sì ti fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ wọ inú rẹ̀. Mo lọ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo kó àga jáde, mo fọ̀ ọ́, mo ya irun rẹ̀, mo fẹ̀yìn jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ kó tó gbẹ."

"Mo ti gbọ́."

Mo padà sí Ọ̀rẹ̀, iṣẹ́ ń dúró dè mí.

Nígbà tí mo dé láàárọ̀ Sátidé tí mo ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀, mo figbe ta. Láti ògiri dé ògiri, poro ló wà lórí rọ́ọ̀gì, poro tààrà-tààrà bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Wọ́n sì ti to gbogbo àga padà sórí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rinrin.

"Ta ló wọ ibí?"

Ìyá mi yára bọ́ sí ilé ìdáná. Bàbá mi ló jáde wá, pákò lẹ́nu rẹ̀.

"Òjò rọ̀ lánàá, kò fẹ́ gbẹ. Mo bá ọ yí i díẹ̀ ni."

"Ẹ yí kí ni, bàbá?"

Ó ká ṣòkòtò sókè, ó sì fi hàn mí. Bí a ṣe máa ń yí kòkó tí a bá sá sórí sìmẹ́ǹtì náà ni: kéèyàn máa wọ́ ẹsẹ̀ láàárín rẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, kí tìsàlẹ̀ lè rí oòrùn. Ó ti yí rọ́ọ̀gì mi bí ẹni yí kòkó!

"Bàbá, ṣé kòkó ni mo sá sílẹ̀ fún yín ni?"

Mo ṣì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu dáadáa. Ṣùgbọ́n bàbá mi ń wo ilẹ̀.

"Bí baba bá rí i báyìí," ó ní, "ìta náà ni yóò dúró sí."

Ìbínú mi rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo ká apá aṣọ mi.

Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀. A kó àga jáde. Mo ránṣẹ́ sí aládùúgbò tó ń ta omi tútù pé kó fún mi ní yìnyín, mo fọ́ ọ wẹ́wẹ́, mo sì fi sínú ihò ẹsẹ̀ àga kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ipá yọ́ ọ o, ẹ jẹ́ kó yọ́ fúnra rẹ̀, kí irun náà mu ún díẹ̀díẹ̀ kó wú. Lẹ́yìn náà mo fi ẹ̀yìn ṣíbí gbé irun náà dìde, mo fi aṣọ gbígbẹ tẹ omi rẹ̀. Ní ti poro bàbá mi, Ọlọ́run ṣe é, iná wà. Mo tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì tútù lé e, mo ń gbé áyọ́ọ̀nù kọjá lókè rẹ̀ láìjẹ́ kó kàn án, kí ooru nìkan wọlé, torí bí áyọ́ọ̀nù bá kan irun rọ́ọ̀gì pẹ́nrẹ́n, yóò yọ́ ni. Mo wá to àga padà, mo ti ìdérí ike bọ abẹ́ ẹsẹ̀ wọn, mo tan fáànù, mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo ya gbogbo rẹ̀ sí apá kan, mo fẹ̀yìn jáde. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Kò dára tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti rà á.

Baba onílẹ̀ dé lọ́sàn-án. Ó fi Ìkálẹ̀ kí wa, bàbá mi náà fi Ìkálẹ̀ dá a lóhùn, wọ́n sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ wọlé, bàbá," bàbá mi ní.

Baba náà ò mira. Ó ń wo inú pálọ̀.

"Ṣé kí n tẹ eléyìí?" ó béèrè.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, sà," èmi ni mo dáhùn.

Ó bọ́ bàtà, ó gba àárín gbùngbùn kọjá, ó jókòó sórí àga ńlá tó wà lábẹ́ fáànù. Bàbá mi jókòó tì í. Wọ́n jọ jẹun, wọ́n sọ̀rọ̀ kòkó títí, baba sì gbàdúrà gígùn sí ilé náà kó tó lọ.

Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn kedere lórí rọ́ọ̀gì, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga. Ọwọ́ ń yún mi. Mo ti gbé búrọ́ọ̀ṣì.

"Fi sílẹ̀," bàbá mi sọ.

"Bàbá, wọ́n ti lọ."

"Mo ní kó o fi sílẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn tí wọ́n jọ ń dáko ní Omífunfun wá kí wọn. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tọ́ka sí ilẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn: "Ibi tí baba gbà wọlé nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri." Àwọn àgbà tó bá a dáko láti ọjọ́ pípẹ́ wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n sì fẹ̀gbẹ́ rìn lọ sídìí àga. Orí mi wú. Mo gbé abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ méjèèjì, èmi náà gba ẹ̀gbẹ́ ògiri.