Ìgò Fítámì Ẹniọlá

Beatrice Oyèbámijí, aránṣọ ní Ìkẹ́rẹ́, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, kì í bá ẹnikẹ́ni gba ẹrù sílẹ̀ mọ́. Láti oṣù tó kọjá ni ọ̀rọ̀ náà ti gba gáréèjì kan. Ó lé ní ọdún mọ́kànlá tí ìdajì àdúgbò ti ń lo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó kọjú sí ibi tí àwọn ọkọ̀ Èkó ti ń já èrò, bí ilé ìfìwéránṣẹ́. Bí ọmọ kan bá fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ọ̀dọ̀ Beatrice, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Fẹ́mi, ni Rídwàn awakọ̀ ń jù ú sí. Ní báyìí, bí Rídwàn bá ti ń bọ̀ pẹ̀lú àpò lọ́wọ́, Beatrice á ti mi orí pé kó gbé e kọjá. Àwọn kan ní ìgbéraga ló wọ̀ ọ́. Kì í ṣe ìgbéraga.

Ọmọ méjì ni ìyá rẹ̀ bí. Ẹniọlá, àbúrò rẹ̀, fi ọdún márùn-ún kéré sí i, ó sì jẹ́ igbákejì ọ̀gá ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Ìsẹ̀. Beatrice fi ìwé sílẹ̀ ní fọ́ọ̀mù kẹta, ó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ. Ẹniọlá kàwé débi tí àwọn àgbàlagbà ń pè é ní Màdámù. Ọkọ Ẹniọlá ń bẹ láàyè. Ti Beatrice ti kú. Ohun kan ṣoṣo tí Ọlọ́run pín dọ́gba fún wọn ni ara. Àwọn méjèèjì sanra bí ìyá wọn, irú èyí tó ń mú kí ènìyàn fi ẹ̀gbẹ́ wọ ọkọ̀. Bí wọ́n bá jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni kẹta á wá ibòmíràn lọ. Nínú ìwé tí Beatrice ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, ínǹṣì kan péré ló wà láàárín ìbàdí tirẹ̀ àti ti Ẹniọlá. Ẹniọlá ló fi í jù ú lọ, ínǹṣì kan yẹn sì ń tù ú nínú ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, Ẹniọlá gba ìsinmi, ó lọ sọ́dọ̀ Mofẹ́olúwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ní Èkó. Ó pẹ́ ju bó ṣe dá a lọ. Nígbà tó dé, ọrùn rẹ̀ ti yọ. Ó gbé aṣọ mẹ́rin wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a gbà wọ́n wọlé, ó sì tún gbé àwọn mẹ́rin náà padà wá lóṣù tó tẹ̀lé e. Nígbà tí yóò fi di oṣù karùn-ún, Beatrice ti gba búbà kan ṣoṣo wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó rán an dáadáa, nítorí iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ègé tó gé kúrò lára rẹ̀ ló ń kó sínú àpò kan lábẹ́ ẹ̀rọ, òun gan-an kò sì mọ ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Ẹniọlá sọ fún un pé òun dín oúnjẹ kù ni, òun sì ń gbààwẹ̀. Beatrice náà gbààwẹ̀ fún ogójì ọjọ́, ó wọn ara rẹ̀, tépù kò yí ọ̀rọ̀ padà. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá Ẹniọlá ni àbígbẹ̀yìn ìyá rẹ̀, bí ẹni pé ọmọ mẹ́wàá ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin tilẹ̀ sọ ọ́ lójú rẹ̀: "Ìyá Fẹ́mi, ọ̀rá tó bọ́ lára àbúrò yín yìí, ṣé ulé yín ló gbà lọ ni?" Beatrice bá wọn rẹ́rìn-ín. Iyán tó jẹ lọ́jọ́ náà kò dùn lẹ́nu rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ kan, Ẹniọlá dúró níwájú dígí ní ṣọ́ọ̀bù, fóònù rẹ̀ dún. Kì í ṣe ìpè. Ó pa á, ó mú ìgò kan jáde nínú báàgì, ó ju kápúsù kan sẹ́nu, ó fi omi díẹ̀ sìn ín.

"Oògùn kí nìyẹn?"

"Fítámì lásán ni, Àǹtí."

Nígbà tí Ẹniọlá wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì lọ pààrọ̀ aṣọ, Beatrice gbé ìgò náà wò. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó gígùn kan tí kò rí rí wà lára rẹ̀. Ó gbà lọ́kàn rẹ̀ pé orúkọ oògùn tó ń yọ́ ọ̀rá nìyẹn. Fítámì lásán kì í ní aago tirẹ̀.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà sì ni fítámì ọ̀hún ń gbà kọjá. Oṣù méjì méjì ni Mofẹ́olúwa ń fi í rán Rídwàn, nínú àpò aṣọ funfun tí wọ́n ti rán ẹnu rẹ̀ pa. Nígbà tí ti oṣù kẹfà dé, Beatrice gbé e lọ sílé, ó jókòó sí ilé ìdáná, ó tú òwú ẹnu àpò náà. Ó kọ́kọ́ rò ó pé kí òun bù díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ olùkọ́ ìṣirò ni Ẹniọlá, kò lè ṣàìkà á. Ó wá rántí bí wọ́n ṣe máa ń ṣí kápúsù da sójú egbò ọmọdé. Ó ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ọgọ́fà, ó da ìyẹ̀fun inú wọn sínú agolo, ó sì fi èlùbọ́ tó ti fi asẹ́ kù dáadáa rọ́pò rẹ̀. Àwọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Ọwọ́ tó ti ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láti ọgbọ̀n ọdún kò gbọ̀n. Ó rán ẹnu àpò náà padà bó ṣe wà.

Kò ní in lọ́kàn láti pa á lára. Èlùbọ́ kì í pa ènìyàn. Ohun tó fẹ́ ni kí òun wálẹ̀ díẹ̀, kí Ẹniọlá gòkè díẹ̀, kí àwọn sì pàdé.

Àràárọ̀ ló ń bu ìyẹ̀fun náà sínú ẹ̀kọ. Kò pẹ́ tí ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa á bí ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ẹni tó ń fi òkèlè mẹ́wàá jẹ iyán tẹ́lẹ̀ wá ń jẹ mẹ́rìndínlógún. Ní oṣù kẹjọ, ó tú ẹ̀gbẹ́ síkẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, ó fẹ̀ ẹ́. Dípò kó jáwọ́, inú túbọ̀ bí i. Ó gbà pé oògùn náà mọ olówó rẹ̀ ni, ó sì ṣe bákan náà sí àpò kejì.

Ní oṣù kẹsàn-án, Ẹniọlá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Egbò wà lẹ́nu rẹ̀, irun rẹ̀ ń já, ilẹ̀ sì ń ṣe é bíi pé orí tìmùtìmù ló ń rìn. A gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí: ó dùn mọ́ Beatrice nínú. Ó bá a kẹ́dùn lẹ́nu, ó sì ń wo ibi tí irun náà ti fà sẹ́yìn níwájú orí rẹ̀.

Ó di oṣù kẹwàá. Ẹniọlá gun orí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n lè bá a ṣẹ́ etí síkẹ́ẹ̀tì tuntun, ó ń ròyìn akẹ́kọ̀ọ́ kan tó kọ àròkọ nípa ewúrẹ́. Beatrice wà lórí ìkúnlẹ̀, píìnì lẹ́nu. Ọwọ́ rẹ̀ ṣìṣe, píìnì gba inú aṣọ wọ ọrùn ẹsẹ̀ Ẹniọlá. Ó gbójú sókè, ó ń retí igbe. Ìtàn ewúrẹ́ ń lọ. Ẹ̀jẹ̀ yọ ní kínkín. Beatrice mú píìnì mìíràn, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi gún ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ ò tíì ṣe tán, Àǹtí?" ni Ẹniọlá wí. Bó ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, ẹsẹ̀ kò gbà á, ó ṣubú lulẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n dé ilé ìwòsàn ní Adó. Ọ̀dọ́bìnrin ni dókítà tó rí wọn. Ó béèrè bóyá wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ kankan fún Ẹniọlá. Ẹniọlá wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni: ní Èkó, ní oṣù kìn-ín-ní, wọ́n gé ikùn òun kéré kí òun lè fọn. Ó ní òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé nítorí ẹnu ayé, ẹnu Àǹtí òun sì ni òun kọ́kọ́ bẹ̀rù.

Dókítà ṣàlàyé pé ẹni tí wọ́n bá ṣe irú rẹ̀ fún kò lè rí gbogbo ohun tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ń fẹ́ nínú oúnjẹ mọ́. Fítámì ni yóò máa lò títí ọjọ́ ayé rẹ̀, bí ó bá sì wọ́n ọn, ẹsẹ̀ lè kú. Ó bi í bóyá ó ń lò ó. Ẹniọlá gbé ìgò jáde, ó ní òun kò fo ọjọ́ kan rí. Dókítà ní a jẹ́ pé kì í ṣe ìyẹn. Yóò kọ ìwé sí Ìbàdàn kí wọ́n ya àwòrán ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní ká ní fítámì ló fà á ni, ọjọ́ náà gan-an ni wọn ì bá bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́, nítorí bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, ohun tó kú nínú iṣan lè má jí mọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí Beatrice lọ́kàn ni pé ọ̀bẹ ni. Kì í ṣe ààwẹ̀, kì í ṣe ìkóra-ẹni-níjàánu, kì í sì í ṣe pé Ọlọ́run fẹ́ràn ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ. Ó rí i pẹ̀lú pé bí òun bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ láéláé. Ó tilẹ̀ rò ó pé bí Ẹniọlá bá ń fi ọ̀pá rìn, kò ní sí ẹni tí yóò béèrè ọ̀rọ̀ àbígbẹ̀yìn mọ́. Èrò yìí kò tètè lọ. Ó wo ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó rí ojú píìnì méjèèjì níbi tí òun gún.

"Dókítà," ó ní, "èlùbọ́ ló wà nínú rẹ̀."

Dókítà ṣí kápúsù kan, ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?" Ẹniọlá ló béèrè.

"Oṣù kẹfà."

"Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

"Mo bi ọ́. O ní fítámì lásán ni."

"Fítámì lásán ni," ni Ẹniọlá wí, ó sì kọjú sí ògiri.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí Beatrice ń jáde, ó dá nọ́ọ̀sì kan dúró, ó rọra bi í bóyá wọ́n lè ṣe irú iṣẹ́ abẹ náà fún ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta.

Ẹniọlá sọ fún ọkọ àti ọmọ rẹ̀ pé ooru ló ba kápúsù náà jẹ́. Ìsẹ̀ ni ẹrù rẹ̀ ń lọ tààrà báyìí. Aṣọ rẹ̀ náà, Toyyibat, aránṣọ kan ní Èmùré, ló ń rán an. Beatrice rí ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó rí i pé wọn kò gba apá rẹ̀ wọlé dáadáa, kò sì gbọ́ nǹkan kan nínú ìwàásù ọjọ́ náà.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ń mọ ilẹ̀, ti òsì kò tíì mọ̀ ọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ Ẹniọlá lọ sóko ní Kota, kò sì ní tètè dé. Ẹniọlá bá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti Adó. Kò tilẹ̀ kí i. Abẹ́rẹ́ kejìlá àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá. Ó ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ni kí Beatrice ti wà ní Ìsẹ̀, kó wá dì í lápá mú wọ ọkọ̀.