Ọmọ Tí Mùlíkátù Gbé Dé Àjàṣẹ́

Nígbà tí ìjà oyè lé Sàlímọ́nù àti ìyàwó rẹ̀, Mùlíkátù, kúrò ní Èkó, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n sá wá, wọ́n sì ń ta ẹní níbẹ̀. Wọn kò bímọ. Lọ́dún keje, àbúrò Sàlímọ́nù obìnrin kú, wọ́n sì gba ọmọ rẹ̀, Rọ̀kíbátù, ọmọ ọdún méjì, láti tọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, òwò gbé wọn lọ sí Àjàṣẹ́, ìlú àwọn Ègùn. Nínú ọkọ̀ ojú omi, Rọ̀kíbátù gúnwà sórí ẹní bí ọba. Ó ń jẹ àkàrà Mùlíkátù, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó gbé òun.

Mùlíkátù rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn ún. Ó ní, “Àkàrà mi dùn, ọwọ́ mi ni kò dùn.”

Sàlímọ́nù ní, “Ṣe sùúrù. Kò tíì mọ̀ ẹ́ ni.”

Bí wọ́n ti gúnlẹ̀, àwọn obìnrin ìlú yí ọmọ náà ká, wọ́n ń sọ Ègùn, wọ́n ń fà á lẹ́rẹ̀kẹ́. Ọ̀kan gbé e sókè. Rọ̀kíbátù wo ọ̀tún, ó wo òsì, ló bá figbe ta: “Ìyá!”

Kò pe Mùlíkátù bẹ́ẹ̀ rí. Mùlíkátù ju ẹní ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sáré gbà á, ó sì pọ̀n ọ́n.

Ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n lò níbẹ̀, ọmọ náà kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Sàlímọ́nù bi í bóyá kò tíì rẹ̀ ẹ́.

Mùlíkátù ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ru ẹní yín.” Ó sì tún ọ̀já rẹ̀ gbà dáadáa.