Wọ́n Ní Mo Ti Pààrọ̀ Inú Gìtá Wọn

Ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní Ìlọrà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí títì, òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi pé okùn kọ́ ni gìtá fi ń sọ̀rọ̀. Ó ní okùn kàn ń ro ọ̀rọ̀ ni, sípíkà ló ń sọ ọ́ jáde. Nígbà tó sọ ọ́, mi ò kọ́kọ́ gbà. Ìbínú ni mo fi lọ síbẹ̀, ẹjọ́ ni mo wá bá a rò, mi ò wá gba ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó gbé mi dé Ìlọrà lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló kọ́ mi ní gìtá. Bàbá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Fìdítì ni wọ́n ń gbé, ilé wọn ò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa. Nígbà tí ara wọn ṣì le, wọ́n bá ẹgbẹ́ olórin kiri dé ibi tí mi ò lè kà tán. Nígbà tí wọ́n wálé wá dojú kọ oko ọsàn, wọ́n gbé gìtá náà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú àpótí ámpù rẹ̀. Ámpù ni ẹ̀rọ tó ń gba ohùn gìtá tó sì ń gbé e ga. Àpótí pákó ni tiwọn, sípíkà kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀, tó fẹ̀ bí àwo tí èèyàn mẹ́ta lè jọ jẹun nínú rẹ̀.

Ohùn tó ń jáde níbẹ̀, ohùn tó sanra ni. Kì í pariwo. Ó máa ń kùn díẹ̀ lábẹ́lẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tó ń kí ará ilé káàárọ̀. Tí bàbá bá wá fi agbára fa okùn, yóò ha díẹ̀, ṣùgbọ́n híha náà á dùn létí.

Àìsàn rọpárọsẹ̀ ló gba apá òsì wọn, ọwọ́ tí wọ́n fi ń tẹ okùn mọ́ ọrùn gìtá. Ojú wọn náà sì ti ń di bàìbàì ṣáájú ìgbà náà. Wọ́n pè mí níwájú ìyá mi, wọ́n gbé gìtá lé mi lọ́wọ́.

Wọ́n ní, "Máa tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ tèmi ni o. Èmi á máa wá gbọ́ ọ."

Bó ṣe rí nìyẹn fún ọdún bíi mélòó kan. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bàbá á jókòó lórí àga tó sún mọ́ àpótí náà jù, wọ́n á dijú. Mi ò rò pé wọ́n ń gbọ́ ìwàásù.

Lọ́dún tó kọjá, èkúté jẹ sípíkà náà. Ìwé ló wà lójú sípíkà, ìwé tó le, tí wọ́n rọ bí àrọ tí a fi ń da epo sínú ìgò, tó ń mì tí ohùn fi ń jáde. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ló jọ pé ó dùn lẹ́nu èkúté. Ìgbà tí a débẹ̀, kò ku nǹkan kan àfi irin tó yí i ká. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ojú ihò tí wáyà ń wọ̀ lára gìtá ń mì, mo sì ti gbé gìtá lọ fún atúnrédíòṣe ti Ìlọrà kó bá mi fi lẹ́ẹ̀dì jó o pa. Mo fi gìtá sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, mo lọ kí ẹnì kan nínú ìlú, mo sì padà wá gbé e. Nígbà tí mo mẹ́nu ba sípíkà, ó ní kí n gbé egungun rẹ̀ wá, òun á lẹ ìwé tuntun mọ́ ọn.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi àlẹ̀mọ́ ṣe nígbà tí tuntun wà n'Íbàdàn?

Bá a ṣe ń ra sípíkà lọ́dọ̀ wa, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Wọn á gbé e lé ọ lọ́wọ́, wàá fì í wò. Òòfà tó wà nídìí rẹ̀ là ń wọ̀n lọ́wọ́. Èyí tó bá wúwo jù la ó gbà pé ó dára jù. Èyí tí wọ́n gbé fún mi n'Íbàdàn, díẹ̀ ló kù kó yẹ̀ mí lọ́wọ́.

Ẹni tó ń tà á ní, "Ọ̀gá, ẹ fì í wò! Ọmọ ọdún méjì tó yó nìyẹn."

Ẹni tó jókòó tì í dá sí i: "Ẹ rọra o. Tó bá já lé yín lẹ́sẹ̀, ẹ ò ní lè jó ìjó ìdúpẹ́."

Yàtọ̀ sí òòfà, ó tún ní sípíkà kékeré kan tó ń dán láàárín rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní tuwítà, tó ń gbé ohùn tó mú ṣóńṣó jáde. Mo rò pé méjì lówó ẹyọ kan ni. Mo gbé e wálé, mo dè é mọ́ àpótí bàbá.

Ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí mo fọwọ́ kan okùn, ohùn náà dé títì. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ pariwo, inú wọn dùn. Èmi náà gbọ́ pé ó mú. Gbogbo ìgbà tí ìka mi bá yọ̀ lórí okùn ló ń dún fíìn-ín, bí ìgbà tí wọ́n ń fi ìṣó ha páànù. Àmọ́ agbára ni mo pè é. A ò tíì dúpẹ́ tán tí bàbá fi mú ọ̀pá wọn, tí wọ́n jáde.

Nígbà tí ìsìn parí, èmi àti ìyá mi yà sílé wọn. Mi ò tíì kí wọn tán tí wọ́n fi dá mi dúró.

Wọ́n ní, "Gìtá ta ni o tẹ̀ láàárọ̀ yìí?"

"Tiyín ni, bàbá."

"Tèmi kẹ̀! Gbé e wá."

Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún wá a látorí dé ìdí. Wọ́n kan ibi tó ti gbá mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ nígbà kan, wọ́n mi orí.

"Igi rẹ̀ nìyí. Àpá rẹ̀ nìyí. Inú rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ti yọ inú rẹ̀, wọ́n fi àgbá sí i. Ta lo kó o fún?"

Ìyá mi ní, "Ha, bọ̀ọ̀dá mi, ọmọ yìí ò lè ṣe irú ẹ̀."

"Ìwọ dákẹ́. Mo mọ ohùn gìtá yìí ju bí mo ṣe mọ ohùn ìyàwó mi lọ."

Ìyàwó wọn dáhùn láti inú ilé: "Mo gbọ́ o! Kí gìtá wá se ọbẹ̀ alẹ́ lónìí."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá ti gìtá padà sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní àwọn ò ní wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, kí n máa tẹ agolo mi lọ. Wọ́n ní tí mo bá rí inú gìtá àwọn, kí n gbé e wá. Tí mi ò bá rí i, kí n má ṣe dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn mọ́.

Ìyá mi ṣíwájú mi lọ́nà. Ó di ẹnu ọ̀nà ilé wa kí wọ́n tó dúró. Wọn ò wo ojú mi.

"Ṣé lóòótọ́ lo ò kó o fún ẹnikẹ́ni?"

Ọ̀rọ̀ bàbá dùn mí, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n lè jẹun. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni mí, ìyá mi sì ń bi mí bóyá mo jalè.

Mo jókòó, mo ro ó. Èmi ò kúkú fọwọ́ kan inú gìtá. Ta ló fọwọ́ kàn án? Atúnrédíòṣe ni. Gbogbo wa la ti gbọ́ bí àwọn kan ṣe ń yọ nǹkan tó dára lára mọ́tò oníbàárà, tí wọ́n á fi àlòkù rọ́pò rẹ̀. Ó dá mi lójú. Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé gìtá lé itan nínú ọkọ̀, a já àwọn òṣìṣẹ́ káńsù sílẹ̀ ní Jobele, mo sì bọ́ sílẹ̀ ní Ìlọrà.

Atúnrédíòṣe ti tú ikùn rédíò kan sílẹ̀, ó ń fọn eruku inú rẹ̀. Èèyàn bíi mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Mo ní, "Níbo lo kó inú gìtá mi sí?"

"Inú wo? Ṣé gìtá rẹ lóyún ni?"

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kí n pè é lólè. Mo pè é lójú gbogbo wọn. Ó gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ó ní, "Wàláì, tó o bá tún un sọ, ìwọ àti gìtá á jọ bá títì lọ ni. Sípíkà wo lo fi tẹ̀ ẹ́?"

Mo sọ fún un, pẹ̀lú ohun tí bàbá tó ni gìtá sọ. Mo tiẹ̀ fi ọwọ́ júwe bó ṣe wúwo tó. Kò tíì jẹ́ kí n parí tó fi ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin aláṣọ funfun! Irin lẹ rà wálé yẹn, ẹ ò ra ohùn. Jókòó."

Ó gbé ámpù kékeré kan síta, ó to sípíkà mẹ́ta sórí tábìlì. Àkọ́kọ́ jọ tèmi, tòun ti tuwítà. Ìkejì ni họ́ọ̀nù tí àwọn oníwàásù ń gbé sórí ọkọ̀. Ìkẹta jẹ́ ògbólógbòó kan tó tú lára ẹ̀rọ orin àtijọ́, òòfà rẹ̀ ò ju ẹ̀kọ kan lọ, ìwé rẹ̀ sì ti pọ́n. Ó ní kí n máa tẹ ohun kan náà láìdáwọ́ dúró, kí n má ṣe yí nǹkan kan padà. Òun náà ń yọ wáyà méjì lára ọ̀kan, ó ń fi í kan èkejì.

Èkíní dún bó ṣe dún ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú, ó ń ha létí. Nígbà tó bọ́ sórí họ́ọ̀nù, gìtá náà ń ké bí ẹni tí wọ́n di nímú. Ìgbà tó fi kan ògbólógbòó yẹn, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Kì í ṣe ohùn bàbá gan-an, ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni. Gìtá kan náà, ọwọ́ kan náà.

Ó ní, "O rí i? Sípíkà oníwàásù gbọ́dọ̀ sọ gbogbo ohun tó bá gbọ́, kí ọ̀rọ̀ lè yé èèyàn. Ti gìtá ò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ fúyẹ́, kó mọ èyí tó máa gbé mì. Gbogbo fíìn-ín-fíìn-ín tó ń dà yín láàmú, ó ti wà nínú gìtá bàbá yín tipẹ́. Sípíkà àtijọ́ ń gbé e mì ni. Tuwítà rẹ ò lè gbé nǹkan kan mì."

Mo dìde, mo sì tọrọ àforíjì níwájú àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, nítorí iwájú wọn ni mo ti sọ̀rọ̀ burúkú. Ó ní ó ti tán, kí n lọ gbé egungun sípíkà wá.

Egungun náà ṣì wà lẹ́yìn àga nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbé e lọ lọ́jọ́ kejì. Ó wá ìwé tó fúyẹ́, ó lẹ̀ ẹ́, ó fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì gbáko kí gọ́ọ̀mù gbẹ. Nígbà tó ń gbé e fún mi, ó ní ìwé tuntun máa ń le díẹ̀. Kí n máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, yóò rọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ ni èmi àti ìyá mi gbé àpótí náà lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá. Kò sí iná. Alájì tó múlé gbè wọ́n yá wa ní jẹnẹrétọ̀, a gbé e lọ sẹ́yìnkùlé kí ariwo rẹ̀ má bàa dí wa lọ́wọ́. Mi ò ṣàlàyé kankan. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Bàbá gbọ́ ọ dópin. Wọ́n ní, "Tún un tẹ̀." Mo tún un tẹ̀.

Wọ́n ní, "Ó kù díẹ̀."

Ìyá mi bínú. "Bọ̀ọ̀dá mi, kí ló kù? Ṣé gìtá yín ni àbí kì í ṣe tiyín?"

"Tèmi ni. Ta ló ní kì í ṣe tèmi? Mo ní ó kù díẹ̀."

Ìyàwó wọn pàtẹ́wọ́. "Ẹlẹ́rìí ni mí o. Bàbá ti jẹ́wọ́."

Ìgbà náà ni mo wá sọ̀rọ̀ èkúté, òòfà àti tuwítà fún wọn. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n rọra fi ìka kan ìwé tuntun náà.

"Ìwé yìí nìkan?"

"Ìwé yìí nìkan, bàbá."

Wọ́n kọjú sí ibi tí ìyá mi wà. "Àbúrò mi, ọmọ rẹ ò mú nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn, mo gbé e kúrò ńlẹ̀."

Ìyá mi ní, "Ẹ ṣeun, bọ̀ọ̀dá mi." Ìyá mi wá wo ojú mi, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìsinmi.

Sípíkà Ìbàdàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì dòní, ìwàásù la fi ń ṣe, ó sì ń ṣe é dáadáa. Bàbá padà sórí àga wọn. Ṣùgbọ́n tí ìsìn bá ti parí, tí mo bá lọ kí wọn, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: ó kù díẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn tí a ká ọsàn tán, mo lọ kí wọn lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wọ́n sì ní, "Ó ti pé."

Mo sọ ọ́ fún atúnrédíòṣe. Ó ní ṣebí òun ti wí, ìwé náà ti rọ̀. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Wọ́n ní ìwé wo, pé etí ẹ̀gbọ́n àwọn ló ti gbàgbé ti àtijọ́, tó ti gba èyí. Èmi ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, mi ò lè sọ, nítorí ohùn ti àkọ́kọ́ ò sí níbì kan mọ́ tí mo lè fi wé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ mi títí dé ibí yìí, ṣé ìwé ló rọ̀ ni, àbí etí bàbá?