Bíréèkì Ọwọ́ Òsì

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí kẹ̀kẹ́ fojú mi rí. Kì í ṣe àlọ́ o! Èmi Làsísì télọ̀, ọmọ àdúgbò Alabar ní Kumasi, ní Ghana, èmi gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ mountain, kó tẹ́tí sílẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ra nǹkan kan, kó bá mi káàánú.

Ìbẹ̀rẹ̀ nineties ni. Bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti kú nígbà náà, ó sì fi kẹ̀kẹ́ dúdú ńlá kan sílẹ̀ fún mi, irú èyí tí wọ́n ń kó wá láti England láyé àtijọ́. Irin lásán! Bó bá wó lu èèyàn, ó di ọ̀rọ̀ ọsibítù. Orí ẹ̀ ni mo ti kọ́ kẹ̀kẹ́, orí ẹ̀ náà ni bàbá mi ti kọ́ mi ní òfin kan ṣoṣo tó ní: bí o bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tó dà gẹ̀rẹ́, ọwọ́ òsì ni kí o tẹ̀. Ọwọ́ òsì ló ń di táyà ẹ̀yìn mú. Tọ̀tún, ti iwájú ni, má tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, àfi tí o bá fẹ́ fi eyín jẹ iyẹ̀pẹ̀.

Ẹ wá wo nǹkan. Bàbá yìí kan náà ló na ọwọ́ òsì kúrò lára mi o! Wọ́n ní òsì ni mo fi ń mú nǹkan láti kékeré. Mo fi òsì mú ṣíbí, pàṣán. Mo fi òsì mú kálámù níwájú málàmù, pàṣán. Ṣé ẹ mọ Kumasi? Hausa ò gbà á, Asante ò gbà á, àwa Yorùbá náà ò gbà á. Kí n tó gbọ́n tán, ọ̀tún ni mo fi ń ṣe ohun gbogbo. Òun ni mo fi kọ́ iṣẹ́ télọ̀, òun ló ń gé aṣọ, òun ló ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ. Iṣẹ́ méjì péré ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún òsì: bíréèkì ẹ̀yìn, àti èyí tí a ń ṣe ní ṣáláńgá.

Ọ̀rẹ́ mi Kwaku ló kó mi wọnú ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ fàájì yìí. Tíṣà ni ní Santasi. Ọmọ Asante ni, ṣùgbọ́n Alabar ló gbé dàgbà, ó ń sọ Yorùbá ju àwọn ọmọ mi lọ. Òun ló kọ́kọ́ ra kẹ̀kẹ́ mountain, tó ń gùn ún lọ sórí òkè láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Kò sí ìdíje, kò sí ẹ̀bùn, ó kàn ń gùn ún ni. Mo bá a lọ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú irin bàbá mi, díẹ̀ ló kù kí n kú sójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n nǹkan náà wọ̀ mí lára. Ẹni tó ń tẹ orí ba sídìí ẹ̀rọ látàárọ̀ dalẹ́, kó wá rí ara ẹ̀ lórí òkè, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i! Muinat, ìyàwó mi, ní kí ni kí òun máa sọ fáwọn èèyàn, pé ọkọ òun tó gba aṣọ aláṣọ sọ́wọ́ wà nínú igbó, ó ń làágùn lórí kẹ̀kẹ́? Mo ní kó sọ pé mo lọ gba atẹ́gùn.

Nígbà tó yá, èmi náà ra tèmi. Ní Asafo ni, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹrù obroni wawu, àwọn ohun èlò tí òyìnbó ti lò kí wọ́n tó kó o wá. Láàárín fíríìjì àti mátírẹ́ẹ̀sì ló dúró sí. Ó pupa, táyà ẹ̀ ki pọ́pọ́, jíà ẹ̀ ń dún tíkí-tíkí. Wọ́n ní Germany ló ti wá. Ẹ má bi mí iye tí mo rà á.

Mo gùn ún kiri ìlú títí, Alabar sí Asafo, Asafo sí Santasi. Kò sí ìyọnu. Nínú ìlú, bí trotro, ọkọ̀ èrò wa, bá já wọ iwájú mi, ọwọ́ méjèèjì ni mo máa ń fi tẹ bíréèkì pọ̀, kẹ̀kẹ́ á sì dúró jẹ́ẹ́. Ta ló máa wá jókòó máa wádìí pé èwo ló di èwo mú?

Ọjọ́ Àìkú kan báyìí, lẹ́yìn àsùbáà, a gbéra. Iléyá ti sún mọ́lé, ṣọ́ọ̀bù mi kún fún aṣọ aláṣọ débi pé mi ò ríbi jókòó. Muinat ní ṣé dandan ni. Mo ní n ó ti dé kó tó se oúnjẹ ọ̀sán tán.

Adágún Bosomtwe là ń lọ. Ẹni tó bá ti débẹ̀ mọ̀ pé àárín òkè ni omi náà wà, bí ọbẹ̀ nínú àwokòtò. Láti etí àwokòtò yẹn, ọ̀nà á kàn dorí kodò, kọ́ńà lórí kọ́ńà, òkúta wẹ́wẹ́ káàkiri. A dúró lókè, a mu omi. Kwaku ní kí n tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ díẹ̀ kó lè di ilẹ̀ mú, kí n sì sún ìdí sẹ́yìn bí a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ìmọ̀ràn tó dáa ni, mo ṣe méjèèjì. Kò bi mí pé ọwọ́ wo ló ń di táyà wo mú. Ta ni yóò bi àgbàlagbà nírú ìbéèrè yẹn?

Ó lọ ṣáájú, mo tẹ̀ lé e. Inú mi dùn, mi ò ní parọ́. Omi ń dán nísàlẹ̀, ẹ̀wù mi ń fẹ́ lẹ́lẹ́, mo ń pariwo bí ọmọ iléèwé tí wọ́n fún ní ọlidé. Inú mi ò tíì dùn bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ni kọ́ńà kan bá yọ, eré sì ti pọ̀ jù. Mo ṣe ohun tí bàbá mi kọ́ mi. Ọwọ́ òsì, mo fún un mọ́wọ́!

Yéè! Táyà iwájú dúró gbọn-in, èmi ò dúró. Ìdí kẹ̀kẹ́ gbéra sókè, ó sọ mí kọjá orí háńdù. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo nà sílẹ̀ kí n má baà forí gúnlẹ̀. Mo gbọ́ tí nǹkan dún kà! Mo rò pé igi ló dá.

Kwaku sáré gòkè padà wá, ó ń kí mi pẹ̀lẹ́ ní èdè wọn, “Ao, Lasisi! Kosɛ, kosɛ!” Ó wo ọwọ́ mi, ó gbójú kúrò. Ó wá gbé kẹ̀kẹ́ nílẹ̀, ó yí táyà iwájú, ó tẹ bíréèkì ọwọ́ òsì. Táyà iwájú dúró. Ó tún un ṣe. A wo ara wa. Ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn ará Germany ṣe ń ṣe tiwọn, òsì fún iwájú, ọ̀tún fún ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ náà ni tòun rí. Kò gun irú kẹ̀kẹ́ bàbá mi rí láyé ẹ̀, kò mọ̀ pé ó yàtọ̀. Èmi náà ò gun irú tiẹ̀ rí kí n tó ra èyí. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀?

Trotro ló gbé wa padà sí Kumasi, kẹ̀kẹ́ wà lórí rúùfù, mo wà nísàlẹ̀, mo ń ké Lá iláha.

Ní ọsibítù, àwọn dókítà ṣe tiwọn, mi ò lè purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ní egungun ọrùn ọwọ́ ti rún. Wọ́n to ohun tó ṣeé tò, wọ́n fi POP dì í, wọ́n ní ká ní sùúrù.

Àbí Iléyá máa ní sùúrù? Alhaja kan tí mo ti ń rán aṣọ fún láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ló kọ́kọ́ dé. Ó kí mi, ó ṣe àdúà gígùn fún mi, ó wá ní òun kàn fẹ́ mú léèsì òun lọ fi han àbúrò òun. Mo ní kò burú. Ẹlòmíì ní òun fẹ́ wo àwọ̀ tòun nínú oòrùn. Òmíì ò tilẹ̀ wá fúnra ẹ̀, ó ránṣẹ́. Kò sí ẹni tó bínú o! Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Kí Iléyá tó dé, mo ti ríbi jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Ní yídì, mo ń rí aṣọ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá fún mi lára àwọn èèyàn, ọrùn ẹ̀ wọ́.

Wọ́n tú POP. Ọwọ́ ti rù, kò yí, ìka ò ká dáadáa. Muinat ń fi omi gbígbóná àti òrí ra á láràárọ̀. Á ní ṣé ó ń rọ̀? Mo máa ní ó ń rọ̀. Irọ́ ni, òun náà sì mọ̀. Nígbà tó yá, kò bi mí mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi tútù ní Asafo.

Mo ní ó dáa, ṣebí òsì ni Ọlọ́run dá mọ́ mi. Mo mú sísọ́ọ̀sì sọ́wọ́ òsì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀tún ni wọ́n rọ sísọ́ọ̀sì fún! Ó ń jẹ aṣọ, kò gé e. Mo ba ìró Muinat kan jẹ́ gbáà, ó ká a, ó fi nu tábìlì. Ọwọ́ tí wọ́n ti nà láti kékeré, ó ti gbàgbé gbogbo nǹkan.

Owó ńkọ́? Mo fi òsì na owó sí oníwàákyè, obìnrin tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà, ó wò ó, kò gbà á. Kwaku kọ́ mi pé kí n máa kọ́kọ́ sọ pé “sɛbe”, kí n tọrọ gáfárà. Mo ń tọrọ gáfárà láti àárọ̀ dalẹ́. Ó rẹ̀ mí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ fún fàájì, ẹ jọ̀ọ́. Bẹ́ ẹ bá ra kẹ̀kẹ́, tuntun tàbí àlòkù, bẹ́ ẹ bá yá ti ọ̀rẹ́ pàápàá, ẹ gbé e nílẹ̀, ẹ yí táyà, ẹ tẹ bíréèkì níkọ̀ọ̀kan. Kò gba àkókò rárá. Níbi gẹ̀rẹ́, ẹ má fún ti iwájú lójijì. Ẹ má sì gba ohun tí ọwọ́ yín ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ gbọ́, kẹ̀kẹ́ míì ni ọwọ́ yín mọ̀. Kẹ̀kẹ́ tèmi wà lẹ́yìnkùlé, ó ti dógùn-ún. Kwaku ṣì ń wá kí mi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló ń fi rìn wá.

Mo fẹ́ fi ibẹ̀ parí ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣì ń dùn mí. Ó ti pẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn, mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù tí kò ríṣẹ́ ṣe, ni bàbá àgbà kan bá sọ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú báàgì, eruku ọ̀nà Nigeria ṣì wà lára ẹ̀. Ó kí mi ní Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní òun ń wá ilé olóògbé Àtàńdá. Bàbá mi nìyẹn! Mo fẹ́ gbé ọ̀tún, ó gbéra dé àyà, ìka kọjú sílẹ̀. Kí n tó mọ̀, òsì ti nà síta.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Bàbá náà wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi. Ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mi ò lè sọ pé ọmọ onílé náà ni mí. Ó mi orí, ó gbé báàgì ẹ̀, ó kọjá lọ bi ẹlòmíì.

Ẹ̀yin náà, kí ni kẹ̀kẹ́ ti fojú yín rí? Ẹ sọ ọ́, mo ń gbọ́. Ẹni tó bá mọ ẹnì kan tí ọwọ́ ẹ̀ rún tó sì padà sí bó ṣe wà, kó sọ fún mi. Ṣùgbọ́n bí irọ́ ni, ẹ má wulẹ̀ fi tù mí nínú. Èyí tí mo ti pa fún Muinat ti tó.